Ìtẹríba Tí Bàbá Àgbà Ń Dúró Dè

Ní ọjọ́ tí a sin bàbá àgbà mi, Bàbá Kọ́lá gba máìkì lọ́wọ́ àlùfáà. Ó fi áńkáṣífù nu ojú tí kò sí omi kankan nínú rẹ̀, ó ní ìjà kékeré kan wà láàárín òun àti olóògbé nígbà èwe, ṣùgbọ́n òun ti dárí jì wọ́n pátápátá. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi tilẹ̀ ń sunkún. Èmi di àga mi mú gírígírí, torí bí mo bá dìde, màá já máìkì yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìsìnkú á sì dàrú. Òun ló dárí ji bàbá àgbà mi! Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé, bàbá àgbà mi ló sì kó o. Wọ́n ti lọ, wọn kò lè dá a lóhùn mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi mí sílẹ̀, ẹnu mi kò sì kú.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé "wọ́n" ni mò ń pe bàbá àgbà mi, "ó" ni mo sì ń pe Bàbá Kọ́lá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun orí rẹ̀ funfun ju tiwọn lọ. Kì í ṣe àṣìṣe. Mo mọ ẹni tí mò ń bọ̀wọ̀ fún.

Ìwé ètò ìsìnkú ti sọ ibi tí wọ́n bí bàbá àgbà sí ní Èkìtì, ó ti sọ ilé-ìwé tí wọ́n lọ, ó sì ti to orúkọ àwa ọmọ-ọmọ wọn. N kò ní tún un kà. Ohun tí ìwé yẹn kò sọ ni pé láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn títí di ọ̀sẹ̀ tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, kò sí òwúrọ̀ tí bàbá àgbà mi kò ṣe kàrátè. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Nígbà tí ìjọba gbé wọn wá ṣe tíṣà ní Mowo, lẹ́bàá Àgbádárìgì, aṣọ kàrátè ni wọ́n kọ́kọ́ yọ nínú àpótí. Wọ́n rí màmá àgbà mi, ọmọ Kankon, wọ́n fẹ́ wọn, wọ́n kọ́lé sí Gbaji, Èkìtì sì di ibi tí wọ́n ń lọ bí wọ́n bá ń sin òkú.

Ẹ̀yìn ilé wa ní Gbaji, yanrìn ni, igi àgbọn sì wà níbẹ̀ tó ṣíji bò ó. Kí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Sẹ̀mẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ariwo wọn, bàbá àgbà á ti wà lórí yanrìn yẹn nínú aṣọ funfun tó ti di àwọ̀ omi ẹ̀kọ. Wọ́n á gbá ẹ̀ṣẹ́, wọ́n á tàpá, wọ́n á sì kígbe. Igbe tí àwọn oníkàrátè ń ké ni "Kíáì!" Ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò wa kì í gbọ́ "ì" tó wà ní ìparí. "Kíá!" ni wọ́n ń gbọ́, ẹni tó bá ń lọ pọnmi á sì rò pé òun ni àgbàlagbà kan ń lé níré. Ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò ju korobá sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń sá lọ, ó ń wí pé, "Bàbá, mò ń lọ o, ẹ má bínú!" Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń jẹ́ Bàbá Kíá. Wọ́n ṣàlàyé títí, ó sú wọn. Wọ́n ní, "Orúkọ tí kò bá bu èèyàn kù, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ ẹ."

Màmá àgbà kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà rárá. Ègùn ni wọ́n, bí nǹkan bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn, "ganji" ni wọ́n máa ń pè é, ìyẹn ni pé ó dára. Ọbẹ̀ lè jẹ́ ganji. Ọmọ tó yege lè jẹ́ ganji. Kàrátè kò jẹ́ ganji rí. Ìyá mi, Yẹ́misí, ni àkọ́bí wọn, ìgbà tó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́ ni màmá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n ní, "Bàbá Yẹ́misí, ẹ̀yin àti afẹ́fẹ́ tí ẹ ń lù yìí, èwo nínú yín ló máa gbé ọmọ kí n rí ọwọ́ fi dáná?" Bàbá àgbà kò jiyàn. Wọ́n gba ọmọ, wọ́n gba ọ̀já, wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n sì ń gbá ẹ̀ṣẹ́ wọn lọ. Ìyá mi ní òun kò tíì sun oorun tó dùn tó èyí tí òun sùn lẹ́yìn bàbá òun. Nígbà tó kan àwa ọmọ-ọmọ, wọ́n á lóṣòó díẹ̀ bí ẹni tó gun ẹṣin, wọ́n á gbé wa jókòó sórí itan, wọ́n á máa pa àlọ́ fún wa títí itan wọn á fi máa gbọ̀n. Bí a bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, wọn kì í gbà. "Ẹbí kì í dí eré ìdárayá lọ́wọ́," wọ́n á wí, "àfi tí èèyàn bá gbé wọn kalẹ̀."

Àgbà dé, ó sì bá wọn lójú ọ̀nà. Orúnkún ọ̀tún ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ wọ́n. Àdí àgbọn gbígbóná ni wọ́n fi ń ra á láràárọ̀, gbogbo ilé á máa ta sánsán bí ilé aládìídùn. Ẹsẹ̀ tó ti ń dé àgbọ̀n ẹni tó ga jù wọ́n lọ tẹ́lẹ̀, kò dé àyà mọ́. Wọn kò bá a jà. Wọ́n fi ìtàpá òkè sílẹ̀, wọ́n mú ti ìsàlẹ̀, wọ́n sì dín fífò kù. Mo bi wọ́n léèrè bóyá kò dùn wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo rí àlàfo eyín iwájú wọn. Wọ́n ní, "Bí ẹsẹ̀ kò bá dé àyà mọ́, orúnkún ọ̀tá ṣì wà lójú ọ̀nà."

Bọ̀dá Dáre, àbúrò ìyá mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ni kò lè gbà á. Ó ní ojú ń ti òun. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ bàbá òun ń jókòó sí iwájú ilé, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn. Nígbà ọdún Kérésì kan, ó kó aṣọ kàrátè sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé e lọ sí Èkó. Ó rò pé òun ti gbọ́n. Lọ́jọ́ kejì, bàbá àgbà ró ìró màmá àgbà, wọ́n wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, wọn kò lọ sí ẹ̀yìn ilé, iwájú ilé ni wọ́n lọ, létí títì, níbi tí gbogbo ẹni tó mọ Dáre á ti rí wọn. Wọ́n ń tàpá nínú ìró olódòdó! Ẹni tó ń kọjá lọ ń dúró, ó ń tẹ Dáre láago. Kí ọjọ́ Ìsinmi tó pé, aṣọ ti dé, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́. Bọ̀dá Dáre dọ̀bálẹ̀. Bàbá àgbà gba aṣọ wọn, wọ́n ní, "Ọmọ tó bá ní kí n sinmi, òun náà kò ní sinmi."

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlera nìkan. Ìtàpá kan wà tí wọ́n fi ń parí iṣẹ́ òwúrọ̀ wọn. Wọ́n so èso àgbọn kékeré kan rọ̀ mọ́ okùn, wọ́n ní ẹnu èèyàn nìyẹn, kò ga ju ìgbáròkó wọn lọ. Wọ́n á tàpá sí i, kíákíá bí ẹni tó tẹ iná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan àgbọn. Bí àgbọn bá mì, wọ́n á tún un ṣe. Mo ní àgbọn náà rẹlẹ̀ jù, pé ta ni ẹnu rẹ̀ wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀? Wọ́n fa okùn rẹ̀ wò. Mo ní kí ló dé tí wọn kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ kàn án, ṣé títàpá kọ́ ni? Wọ́n ní, "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà ń tàpá. Dídá ẹsẹ̀ dúró ni iṣẹ́."

Màmá àgbà ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi, nígbà tí a jọ ń ha àgbọn.

Tíṣà méjì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní kàrátè ní Mowo nígbà yẹn, bàbá àgbà mi àti Bàbá Kọ́lá. Ọmọ Èkìtì ni àwọn méjèèjì, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Nínú kàrátè, kí ẹni méjì tó kojú ara wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ tẹrí ba fún ara wọn. Kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò níbẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ á tẹrí fún ọ, ìwọ náà á tẹrí fún un. Èyí ni kò wọ Bàbá Kọ́lá létí. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló fi ju bàbá àgbà mi lọ, ó sì ń gbé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yẹn kiri bí ẹni pé oyè ni. Ní ọjọ́ òpin ọdún ilé-ẹ̀kọ́, níwájú gbogbo òbí, àwọn méjèèjì jáde láti ṣe àfihàn. Bàbá àgbà tẹrí ba. Bàbá Kọ́lá kò tẹrí. Bí orí bàbá àgbà ṣe wà nílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ gbá wọn lẹ́nu. Eyín iwájú méjì bọ́ sínú yanrìn.

Èyí tó burú jù ni pé àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àwọn òbí tó jókòó kò mọ ohun tí ìtẹríba yẹn jẹ́. Ọkùnrin kan ni wọ́n rí tó tẹ̀ba níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n rò pé ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Bí àbúrò bá sì ń bẹ ẹ̀gbọ́n, bí ẹ̀gbọ́n bá fún un ní ìgbátí kan sí i, kí ló burú níbẹ̀? Bàbá Kọ́lá nawọ́ sókè, ó ń yan. Ó ní, "Mo jù ú lọ. Ṣé èmi ni n ó wá tẹ̀ba fún àbúrò mi?" Àwọn òbí rẹ́rìn-ín. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni wọ́n fi sọ pé òótọ́ ló sọ.

Bàbá àgbà fẹ́ dìde sí i. Màmá àgbà, tí oyún ìyá mi wà nínú wọn, ti dé ẹ̀yìn wọn, wọ́n di bẹ́líìtì dúdú tí bàbá àgbà so mọ́ ìbàdí mú. Wọ́n ní, "Oyún ń bẹ níkùn mi. Tí ẹ bá pa á, tí wọ́n gbé yín lọ, ta ni n ó bí i fún?" Bàbá àgbà ní ó dáa, àwọn á dúró kí ọmọ dé. Ọmọ dé. Màmá àgbà ní kí ọmọ já lẹ́nu ọmú ná. Kí ó tó já lẹ́nu ọmú, oyún Bọ̀dá Dáre ti dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdánwò ni, lẹ́yìn ìdánwò, ìgbéyàwó ni, lẹ́yìn ìgbéyàwó, àwa ọmọ-ọmọ la kún ilé. Àwọn àgbà ní ẹ̀san kò gbóògùn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ti ọmọ. Bàbá Kọ́lá ní tirẹ̀ kúrò ní iṣẹ́ tíṣà, ó lọ sí ìlú Àgbádárìgì, ó di Bàbá Ìjọ, ó yọkùn. Ibi yòówù kó ti rí bàbá àgbà, á pariwo pé, "Tíṣà, eyín ńkọ́?" Àwọn tó yí i ká á sì rẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, wọ́n á padà sílé, wọ́n á lọ bá àgbọn wọn. Wọ́n sọ fún màmá àgbà pé, "Tèmi ni kí ara yìí ṣì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu lọ́jọ́ tí o bá jọ̀wọ́ mi."

Lẹ́yìn náà ni èmi lọ pàdé Fẹ́mi.

N kò mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ tí a jọ wà nílé-ẹ̀kọ́ gíga ni mo mọ̀, tó ń bá mi ru ẹrù. A ti ń fẹ́ra fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó sọ lọ́jọ́ kan pé bàbá àgbà òun náà ti ṣe tíṣà ní Mowo rí. Mo bèèrè orúkọ. Bàbá Kọ́lá ni. Ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára, n kò sì lè gbé ọmọ-ọmọ Bàbá Kọ́lá wọ ilé bàbá àgbà mi bí ẹni gbé ejò wọlé. Mo lọ sí Gbaji. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ra orúnkún. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo ní bí wọ́n bá ní kí n fi í sílẹ̀, n ó fi í sílẹ̀.

Wọ́n ra orúnkún náà tán, wọ́n nu ọwọ́ wọn. Nígbà tó yá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ọmọ náà dáa?"

"Ó dáa, bàbá."

"O fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ."

"Láàárín ilé ọkọ àti ilé ìyàwó, ta ló ń tẹrí fún ta?"

Ìgbà yẹn ló yé mi. Ẹni tó bá wá tọrọ ìyàwó kì í ka ọdún. Bí irun rẹ̀ funfun bí òwú, bí ó jẹ́ Bàbá Ìjọ, tó bá dé ilé àna, ó gbọ́dọ̀ rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí Bàbá Kọ́lá ń gbé kiri látọjọ́ yìí, kò níṣẹ́ kankan láti ṣe ní ilé wa.

Wọ́n wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Bàbá àgbà ní kí a má to àga sí pálọ̀, kí a tò ó sábẹ́ igi àgbọn. Fẹ́mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí bàbá àgbà tó jáde. Nígbà tí wọ́n máa jáde, aṣọ kàrátè ni wọ́n wọ̀, wọ́n di bẹ́líìtì dúdú mọ́ ọn. Ìyá mi bojú. Bọ̀dá Dáre sáré dìde, ó ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ti ọmọ." Gbogbo wa yí ojú sí màmá àgbà, torí àwọn nìkan ló lè dá bàbá àgbà dúró. Màmá àgbà káwọ́ lẹ́yìn. Wọ́n ní, "Kí lẹ ń wò mí fún? Kò sí oyún níkùn mi mọ́."

Bàbá àgbà dúró lórí yanrìn. "Àwọn ọmọ ti ṣe tiwọn," wọ́n ní. "Ó ku ẹnì kan."

Bàbá Kọ́lá gbé ikùn rẹ̀ sókè díẹ̀ nínú àga. "Tíṣà, o mọ̀ pé mo jù ọ́ lọ."

"O jù mí lọ ní Mowo. Gbaji la wà yìí. O wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi."

Bí ó bá bínú dìde lọ, ìgbéyàwó mi ti túká nìyẹn, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì tẹrí, n kò mọ ohun tí ẹsẹ̀ bàbá àgbà máa ṣe. Àbúrò obìnrin Bàbá Kọ́lá, tó bá wọn wá, ló tẹ̀ é lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi. Ìyàwó la wá tọrọ, a ò wá pín ogún." Ó dìde. Ó rìn wá síwájú wọn. Ó tẹ orí díẹ̀.

"Kò tíì tó," ni bàbá àgbà wí.

Ó tẹ̀ ẹ́ sí i. Ẹni tó bá tẹrí ba dáadáa, ẹnu rẹ̀ kì í wà lókè mọ́, ó ń sọ̀kalẹ̀ wá síbi ìgbáròkó ni. Ibẹ̀ gan-an ni èso àgbọn wọn ti ń rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Bàbá àgbà kígbe "Kíáì!" Gbogbo wa figbe ta. Ẹsẹ̀ gbéra, ó sì dúró níwájú ètè Bàbá Kọ́lá, kò kàn án, yanrìn tó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń dà sí i ní irunmú. Bàbá Kọ́lá ní "Jésù!" Ó gbìyànjú láti sá, ibi tó ń sá sí kò sí, ikùn rẹ̀ fà á, ó dojúbolẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú yanrìn, pẹ̀lú fìlà, pẹ̀lú agbádá, ó gùn ju Fẹ́mi lọ.

Bàbá àgbà sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n pa gìgísẹ̀ pọ̀, wọ́n tẹrí ba fún un bí ó ṣe wà nílẹ̀, wọ́n pẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní, "Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nìyí. Ẹ bu omi fún àna mi."

Màmá àgbà ló fọhùn lẹ́yìn ìyẹn. "Ganji," ni wọ́n wí.

Fẹ́mi bèèrè ohun tó wà láàárín àwọn àgbà méjèèjì lọ́wọ́ mi nígbà tí wọ́n ń lọ, mo sì sọ ọ́ fún un lójú gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n ti ń sọ fún un nílé ni pé Tíṣà kan ló ṣubú lulẹ̀ níbi eré. Ó wo bàbá àgbà rẹ̀ tí wọ́n ń gbọn yanrìn kúrò lára rẹ̀, ó ní, "Ó tọ́ sí wọn." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi fẹ́ ẹ.

A bí ọmọ obìnrin, Àníkẹ́. Orúkọ ìdílé Bàbá Kọ́lá ló ń jẹ́. Nígbà tí Àníkẹ́ fi máa mọ ìrìn, àga ni bàbá àgbà fi ń ṣe kàrátè, apá nìkan ni wọ́n ń jù, wọn kò sì jẹ́ kí òwúrọ̀ kan yẹ̀. Wọn kò kọ́ ọ ní ẹ̀ṣẹ́, wọn kò kọ́ ọ ní ìtàpá. Ìtẹríba nìkan ni wọ́n kọ́ ọ. Wọ́n á ní kó dúró, kó pa ẹsẹ̀ pọ̀, kó tẹ̀ ẹ́. "Má gbé orí sókè," wọ́n á wí, "títí ẹni tó wà níwájú ẹ á fi tẹrí tiẹ̀."

A máa ń lọ kí Bàbá Kọ́lá ní Àgbádárìgì, ìyàwó ilé ni mo jẹ́, n kò lè má lọ. Àwọn ọmọ yòókù á dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin á kúnlẹ̀, òun á máa súre fún wọn. Àníkẹ́ kì í kúnlẹ̀. Á dúró níwájú rẹ̀, á pa ẹsẹ̀ pọ̀, á tẹrí ba, kò sì ní gbé e sókè. Ìgbà àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ yìí kò mọ ìkíni, ó nawọ́ bisikíìtì sí i. Àníkẹ́ kò gbà á. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Àwọn tó wà ní pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọmọ, wọ́n ń wo àgbàlagbà. Ó wo ojú mi, mo wo ojú tirẹ̀. Níkẹyìn, ó di àga mú, ó dìde, ó sì tẹ̀ba fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, egungun ìbàdí rẹ̀ ń ró.

Gbogbo ìgbà tí a bá lọ ló ń ṣe é báyìí. Mo máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. N kò gbà á sílẹ̀ rí.